Ojúlówó, Àfidípò àti Ayédèrú: Àgbéyẹ̀wò Ohun tí Ó Yẹ kí Olùra Ẹ̀yà Ọkọ̀ Béèrè

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá wọ ọjà Ládipọ̀ ní Mushin, ní Èkó, tàbí ọjà Aráròmí ní Agodi Gate, ní Ìbàdàn, láti ra ẹ̀yà ọkọ̀ kò ní í pẹ́ gbọ́ ìbéèrè kan lẹ́nu ọlọ́jà: 'Ṣé orijínà lẹ fẹ́ ni àbí Táíwàn?' Ìbéèrè yìí mú un dà bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ni ọjà náà pín sí, àti pé ohun tí kì í bá ti ṣe ojúlówó, ayédèrú ni. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìpín méjì yìí kò bá bí nǹkan ṣe rí mu, ó sì ń ṣi olùrà lọ́nà. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti owó nìkan, nítorí pé ẹ̀mí wà nídìí bíréèkì.

Ta ni ó ṣe é?

Ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ọkọ̀ kọ́ ni ó ń ṣe gbogbo ẹ̀yà ọkọ̀ náà. Denso àti Aisin ní ilẹ̀ Japan ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀yà fún Toyota. Bosch ní Jámánì ń ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ káàkiri Yúróòpù. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe púlọ́ọ̀gì kan kí ó kó o sínú páálí Toyota, kí ó sì tún tà á nínú páálí tirẹ̀. Èyí tí ó wà nínú páálí Toyota ni ó sábà máa ń wọ́n jù.

Nítorí náà, ohun tí a pè ní àfidípò níhìn-ín ni ẹ̀yà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe, tí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ tà. Àfidípò lè dára, ó sì lè burú, ṣùgbọ́n kò purọ́. Ayédèrú ni ó ń purọ́. Kì í sì í jí orúkọ tí kò níyì. Orúkọ ńláńlá ni ó ń jí. Ẹni tí ó ń fi páálí wá orijínà kiri ń rìn lójú ọ̀nà ayédèrú gan-an ni.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí òǹkọ̀wé yìí rí. A ra páàdì bíréèkì ní iye owó orijínà, nínú páálí tí ó ń dán. Kò pé oṣù méjì tí bíréèkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, a rí i pé páàdì náà ti ń ṣí kúrò lára irin ẹ̀yìn rẹ̀. Àfidípò tí owó rẹ̀ kéré sí i ni a fi rọ́pò rẹ̀, ó sì lo ọdún méjì.

Iṣẹ́ wo ni ẹ̀yà náà ń ṣe?

Kò sí ewu nínú kí a ra àfidípò dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tàbí bọ́ńpà. Ti bíréèkì yàtọ̀. Ní Yúróòpù, òfin tí a mọ̀ sí R90 ló pàṣẹ pé kí a dán àfidípò páàdì wò, kí iṣẹ́ rẹ̀ má jìnnà sí ti ojúlówó; lẹ́tà E pẹ̀lú nọ́ńbà nínú òbírí ni àmì rẹ̀. Fílítà ọ́ìlì náà kì í ṣe bébà inú agolo lásán. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, fáàfù rọ́bà kan wà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà nígbà tí a bá pa ẹ́ńjìnnì. Bí fáàfù náà kò bá dára, ẹ́ńjìnnì yóò máa ké láàárọ̀ kí ọ́ìlì tó dé ibi tí ó yẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ń lo táímìn bẹ́líìtì, bí bẹ́líìtì bá já, písítìnì yóò kọlu fáàfù. Owó tí a rò pé a dá sí yóò wá di owó ẹ́ńjìnnì.

Ní ti tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ọlọ́jà tún ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù, ilẹ̀kùn tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lè dára ju àfidípò tuntun lọ. Ohun tí a fi rọ́bà ṣe kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àmì DOT lára táyà ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 1419 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 14 nínú ọdún 2019.

Nígbà tí ojúlówó bá jẹ́ ewu

Báàgì afẹ́fẹ́ tí ń wú jáde nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù. Takata ti ilẹ̀ Japan ṣe é fún Honda, Toyota, BMW àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ojúlówó pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ń ba kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí yóò fi bú gbàù, tí èéfọ́ irin yóò sì fò lu awakọ̀. Láti 2008 ni a ti ń pe àwọn ọkọ̀ náà padà. Nǹkan bí mílíọ̀nù 67 báàgì ni ọ̀rọ̀ náà kàn ní Amẹ́ríkà nìkan, ó sì ti pa ju ènìyàn 20 lọ níbẹ̀. Takata wọko gbèsè ní 2017. Ooru àti ọ̀rinrin ti Èkó kò kéré, láti Amẹ́ríkà sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ti ń wá.

Ẹni tí ó ra odindi ọkọ̀ láti ibẹ̀ lè fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lábẹ́ gíláàsì iwájú, wádìí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àjọ NHTSA bóyá a ti pè é padà. Ṣùgbọ́n báàgì tí a tú lára ọkọ̀ mìíràn, tí a wá ń tà lórí tábìlì, kò gbé nọ́ńbà ọkọ̀ tí ó ti wá dání. Ní tiwa, a kò ní í rà á, bó ti wù kí ó jẹ́ orijínà tó.