Iná Lójú Òṣùpá Júpítà

Júpítà ni ó tóbi jù lọ nínú gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì tí ń yí oòrùn po. Bí a bá to irú ayé wa mọ́kànlá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, agbára káká ni wọn yóò fi gba ojú rẹ̀ já. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1979, Voyager 1, ọkọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà rán lọ sí ojú sánmà láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, kọjá nítòsí Júpítà.

Kò sí fíìmù nínú kámẹ́rà ọkọ̀ náà, nítorí pé kò ní padà wá sí ilé mọ́. Ńṣe ni ó pín àwòrán kọ̀ọ̀kan sí ìlà 800, tí àmì kékeré 800 sì wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Rédíò ni ó fi ròyìn bí àmì kọ̀ọ̀kan ti mọ́lẹ̀ tó. Ìròyìn náà a máa lò ju ìdajì wákàtí lọ lójú ọ̀nà kí ó tó dé ayé.

Òṣùpá Júpítà kan wà tí a ń pè ní Io, tí ó fi díẹ̀ tóbi ju òṣùpá tiwa lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé ilẹ̀ tútù tí ó ti kú ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2 oṣù kan náà, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Peale, Cassen àti Reynolds, ti kọ ọ́ jáde pé inú Io gbọ́dọ̀ gbóná gidigidi. Júpítà ń fà á síhìn-ín, àwọn òṣùpá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fà á sọ́hùn-ún, ara rẹ̀ kò sì sinmi, gẹ́gẹ́ bí wáyà tí a ń ká síwá sẹ́yìn ti í gbóná.

Ní ọjọ́ 8, ọkọ̀ náà bojú wẹ̀yìn, ó ya àwòrán Io. Àwọn tí ń tọ́ ọkọ̀ náà fẹ́ rí àwọn ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́yìn Io, kí wọ́n lè mọ ibi tí ọkọ̀ wà gan-an. Ní ọjọ́ kejì, bí Linda Morabito, ẹnjiníà ní ibùdó tí a ti ń darí ọkọ̀ náà ní California, ti ń yẹ àwòrán yìí wò, ó rí ohun kan bí ìkùukùu tí ó yọ ní etí Io. Ó ga ju kìlómítà 200 lọ, bẹ́ẹ̀ ni Io kò sì ní afẹ́fẹ́ tí ó nípọn tó láti gbé ìkùukùu dé ibẹ̀. Nígbà tí a wádìí rẹ̀, òkè ayọnáyèéfín ni, tí ń tú èéfín imí ọjọ́ sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ènìyàn rí irú òkè bẹ́ẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ níbòmíràn yàtọ̀ sí ayé.

Ìṣirò ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwòrán tí a kò yà nítorí rẹ̀ ni ó wá jẹ́rìí sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ìràwọ̀ nìkan ni ẹnjiníà náà ń wò, bóyá à bá ṣì máa pe Io ní òkú ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i.