Nígbà Tí Oorun Bá Dógò Ti Dẹ́rẹ́bà

Ẹni tó bá ti wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó lọ sí Benin rí á ti bá irú obìnrin yẹn pàdé. Ẹ̀yìn dẹ́rẹ́bà gan-an ló máa ń jókòó sí. Kì í wo igbó, kì í tẹ fóònù. Inú dígí kékeré tó wà lókè orí dẹ́rẹ́bà ló tẹjú mọ́, ojú ọkùnrin náà ló ń ṣọ́. Wọ́n ti jẹun ní Ọ̀rẹ̀, oòrùn ọ̀sán mú, gbogbo èrò ti dákẹ́. Lójijì, ọkọ̀ rọra fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, táyà kan bọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì tún padà sójú ọ̀nà.

“Dẹ́rẹ́bà! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń sùn ni?”

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. N ò sùn o.”

Dẹ́rẹ́bà ò purọ́. Ó sùn, kò mọ̀ pé òun sùn ni. Àwọn onímọ̀ nípa oorun ti ṣàlàyé ohun tó ṣe é: bí àárẹ̀ bá ti pọ̀ lára ọpọlọ, ó lè já oorun díẹ̀ gbà láàárín iṣẹ́, fún ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú lè là sílẹ̀, ọwọ́ lè wà lórí stíárìn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo ọ̀nà ti kúrò nílé. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan máa ń jẹ nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí oorun náà bá gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ọkọ̀ ti rin mítà 111 láìsí ẹnikẹ́ni tó ń wà á. Ìyẹn gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ.

Àwọn tó máa ń yẹ ibi ìjàǹbá wò mọ àmì kan. Wọ́n á wo ojú títì bóyá wọ́n á rí ibi tí táyà ti fa ìlà dúdú sílẹ̀. Ẹni tó bá rí ewu á tẹ búrẹ́kì mọ́lẹ̀ títí dé ilẹ̀. Níbi tí oorun ti pààyàn, wọn kì í sábà rí ìlà kankan. Ọkọ̀ kàn lọ tààrà bọ́ sínú kòtò, tàbí ó wọ abẹ́ tírélà tó dúró jẹ́ẹ́. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, fún irú rẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ lára àwọn ìdí ìjàǹbá tí wọ́n ń kọ sílẹ̀: sísùn nídìí stíárìn. Ó dájú pé púpọ̀ ni kì í dé abẹ́ orúkọ yẹn. Dẹ́rẹ́bà tó sùn lè má yè é láti wí tẹnu rẹ̀. Èyí tó bá sì yè é, “búrẹ́kì ló já” ló máa ń wí.

Ohun tí ọkùnrin kan wí ní ilẹ̀ England náà nìyẹn. Ní ìdájí ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2001, ó ń wa Land Rover lọ lójú títì M62, ó so kẹ̀kẹ́ tó ru mọ́tò mìíràn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo òru ló fi bá obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nítòsí abúlé Great Heck, ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, ó yí gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sórí irin rélùwéè. Ó ráyè jáde, ó sì ń fi fóònù ké pe àwọn agbófinró nígbà tí rélùwéè èrò kọlu Land Rover náà, tí èyí tó kó èédú tún wá kọlu ti èrò láti iwájú. Èèyàn mẹ́wàá kú, ó ju 80 tó fara pa yánnayànna. Ọkùnrin náà ní òun ò sùn rárá, ó ní nǹkan ló ṣe ọkọ̀ òun. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ wá ṣa àfọ́kù Land Rover yẹn, wọ́n tò ó pa dà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì rí àléébù kan lára rẹ̀. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Kò mutí, kò fa igbó. Oorun òru kan ló jẹ lówó.

Gbèsè ni oorun lóòótọ́. Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá ń fi ọjọ́ òní dọ́jọ́ ọ̀la, ẹni tó yá a lówó á rán ológò sí i. Ológò á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onílé, á máa pariwo, á máa mú adìyẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ pa jẹ, kò sì ní dìde títí wọn á fi sanwó. Bí oorun ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Láti ìgbà tí èèyàn bá ti lajú láàárọ̀ ni èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine ti ń gbára jọ nínú ọpọlọ. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ni ìpéǹpéjú ń wúwo sí i. Oorun ló ń gbá a mọ́. Ẹni tó bá sun wákàtí mẹ́rin lónìí, tó tún sun mẹ́rin lọ́la, kò sanwó tán, èlé ló ń gorí èlé.

Ara tún ní aago tirẹ̀. Ìgbà méjì ni aago yẹn máa ń fà wá sórí ibùsùn láàárín ọjọ́ kan: láti nǹkan bí aago méjì òru títí di aago mẹ́fà ìdájí, àti ní nǹkan bí aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán. Iyán ni gbogbo ayé ń dá lẹ́bi fún ti ọ̀sán. Iyán ní ẹ̀bi tirẹ̀, oúnjẹ tó wúwo a máa dá kún un. Àmọ́ ẹni tí kò jẹ nǹkan kan pàápàá máa ń tòògbé lásìkò yẹn. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Australia, Dawson àti Reid, tún fi hàn lọ́dún 1997 pé ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17 á máa ṣe bí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tó ìwọ̀n tí òfin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fi ń mú awakọ̀. Ẹni tó jí ní aago márùn-ún ìdájí láti lọ to ìlà ní gáréèjì, tó ṣì ń wakọ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, ti pé wákàtí 17.

Kí làwọn awakọ̀ ń ṣe sí i? Wọ́n á ṣí fèrèsé. Wọ́n á gbé rédíò sókè. Wọ́n á bu omi sójú, wọ́n á fi rọ́ọ̀bù pa abẹ́ ojú títí omi á fi máa dà níbẹ̀. Jim Horne àti Louise Reyner ti Yunifásítì Loughborough dán afẹ́fẹ́ tútù àti rédíò wò lára àwọn awakọ̀ tó ń tòògbé, wọ́n sì rí i pé ìrànwọ́ wọn kì í pẹ́ tó fi ń tán.

Ti obì yàtọ̀. Àwọn baba wa tó ń rin òru mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi ń fi obì sápò, torí káféènì tó wà nínú kọfí ló wà nínú rẹ̀. Àga tí adenosine ì bá jókòó sí nínú ọpọlọ ni káféènì máa ń gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àmọ́ kò san kọ́bọ̀ nínú gbèsè náà. Ó dà bí ọmọ tí wọ́n ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó sọ fún ológò pé “Bàbá ò sí nílé”. Ó tún máa ń tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó jẹ obì nísinsìnyí tó sì tẹná mọ́ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀ kò tíì jẹ nǹkan kan.

Páragà inú gáréèjì, ọtí ni, oorun ló ń pè. Tramadol tí àwọn kan ń gbé mì pé ó ń fúnni lágbára máa ń kun èèyàn lóorun, ó sì lè gbé gìrì wá. Àní Piriton lásán, tí èèyàn lò nítorí ara yíyún, lè da awakọ̀ délẹ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ rọrùn débi pé ojú máa ń ti àwọn ọkùnrin láti ṣe é: kí wọ́n dúró, kí wọ́n sùn. Ìwé òfin ìrìnnà ilẹ̀ Britain ní kí awakọ̀ sinmi fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì. Bí oorun bá ti wọlé dé, ọgbọ́n tí Horne àti Reyner dán wò tó dára jù ni pé kó mu kọfí, kó sì sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Bó bá fi máa jí, káféènì ti dé ẹnu iṣẹ́, oorun sì ti gbá díẹ̀ kúrò nínú adenosine. Kó má ṣe jẹ́ kó kọjá ogún ìṣẹ́jú púpọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jí pẹ̀lú orí wíwúwo. Kó sì rìn yí ọkọ̀ po kó tó padà sídìí stíárìn.

Níbo ni yóò wá sùn sí? Lójú ọ̀nà tiwa, ìbéèrè ńlá ni. Ẹ̀gbẹ́ igbó kọ́, nítorí àwọn ajínigbé àti adigunjalè. Ilé epo tó ní iná àti èrò ló dára jù, ní Ṣàgámù, ní Ọ̀rẹ̀, ní ìlú èyíkéyìí tó bá bọ́ sójú ọ̀nà. Kí wọ́n ti mọ ibẹ̀ láti ilé, torí ẹni tó ti ń tòògbé kò ní mọ ibi tó yẹ yàn mọ́.

Ẹjọ́ náà kì í ṣe ti dẹ́rẹ́bà nìkan. Lóṣù Kẹfà ọdún 2014, ọkọ̀ ẹrù ńlá kan rọ́ lu ọkọ̀ tí Tracy Morgan, aláwàdà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà nínú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, James McNair, kú. Awakọ̀ tó kọlù wọ́n kò tíì sùn fún wákàtí 28: ó ti wa ọkọ̀ tara rẹ̀ láti Georgia dé Delaware mọ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ní lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ nídìí stíárìn, kí awakọ̀ ọkọ̀ ńlá sinmi ìṣẹ́jú 45, ẹ̀rọ kan sì wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ gbogbo wákàtí rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, iye owó tó gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún ọlọ́kọ̀ ló ń sọ ìgbà tí dẹ́rẹ́bà máa sùn. Ọlọ́kọ̀ tó ní kí ẹni tó dé láti Sókótó lóru tún kó èrò ní ìdájí wà lára àwọn tó ń wa ọkọ̀ náà.

Ó ku àwọn kan tí wọ́n ń sùn tó, tí oorun ṣì ń kùn wọ́n. Ìwọ̀nyí máa ń hanrun kíkankíkan lóru, ọ̀fun wọn á dí, èémí á dúró fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á wá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó yọ lójú omi, léraléra títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ọkùnrin tó sanra, tí ọrùn wọn nípọn. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú, títí kan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú wọlé lóru. Aláìsàn fúnra rẹ̀ kì í mọ̀. Ìyàwó ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kó fi fóònù ká ohùn ìhanrun náà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ọkọ rẹ̀ gbé e lọ fún dókítà gbọ́.