Purpose Rèé, Motive Rèé

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì yìí, purpose àti motive, ìbéèrè kan náà ni wọ́n jọ ń dáhùn: nítorí kí ni o ṣe ṣe é? Àfi tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1961, àwọn kan tó ń tako bọ́ǹbù átọ́míìkì ṣètò láti ya wọ pápá ọkọ̀ òfurufú Wethersfield ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà wà. Wọ́n fẹ́ jókòó sílẹ̀ kí ọkọ̀ kankan má lè gbéra. Ìjọba gbé mẹ́fà nínú wọn lọ sí kóòtù lábẹ́ Official Secrets Act ti 1911, tó ka wíwọ irú ibẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ bí purpose ẹni bá lè ṣàkóbá fún ààbò ìlú. Àwọn mẹ́fà náà ní kí ìlú má bàa parun làwọn ṣe fẹ́ lọ. Ní 1962, àwọn adájọ́ House of Lords ní rárá: dídá ọkọ̀ dúró ni purpose yín, ìfẹ́ ìlú tó tì yín síbẹ̀, motive lásán ni. Ọkùnrin márùn-ún gba ẹ̀wọ̀n oṣù 18, obìnrin kan gba oṣù 12.

Lójú tèmi, ibi tó rọ ìjọba lọ́rùn ni wọ́n ti gé ète náà. Ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró kí ogun má bàa jà, ta ló lè fi ọ̀bẹ là á sí méjì?

Òfin ìwà ọ̀daràn tiwa ní gúúsù Nàìjíríà náà kò fi bò. Section 24 nínú Criminal Code ní motive kò kan ẹ̀bi, àfi tí òfin bá dìídì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ebi mú jí búrẹ́dì ṣáà mọ̀ọ́mọ̀ jí i ni. Adájọ́ lè ro ti ebi yẹn mọ́ olè náà lára, kó dín ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù. Ìpànìyàn kò ní irú àyè yẹn: ikú ni section 319 ní kí wọ́n dá, àfi fún aboyún àti ọmọdé. Ọmọ tó fún ìyá rẹ̀ ní májèlé kí ìrora jẹjẹrẹ lè tán, àti èyí tó fún un nítorí ilé tó fẹ́ jogún, ìdájọ́ kan náà ló ń dúró dè wọ́n.