Iye Jẹ́ ti Ìlú, Orúkọ Jẹ́ ti Aláìsàn

Ní Ṣakí, ní Ìsẹ́yìn àti ní gbogbo ìletò Òkè-Ògùn, ìwé kan wà ní ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín, nínú èyí tí a ń kọ iye aboyún tí ó wá bímọ, iye ọmọ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, iye ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀, àti iye ẹni tí ó kú. Ní oṣooṣù ni a ń ṣírò wọn ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀, láti ibẹ̀ sí ìpínlẹ̀, títí dé Àbújá. Ó yẹ kí àwọn tí a kà nínú rẹ̀ náà mọ ohun tí a kọ.

Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011, Ààrẹ Goodluck Jonathan fi ọwọ́ sí òfin tí ó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ó wà nínú ìwé ìjọba. A kò gbọdọ̀ bi olùbéèrè pé kí ni ó fẹ́ fi í ṣe. Bí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹlòmíràn lè bá a kọ ọ́. Ọjọ́ 7 ni a fún ọ́fíìsì náà láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 kún un bí iṣẹ́ náà bá pọ̀. Owó ẹ̀dà ìwé nìkan ni wọ́n lè gbà. Ẹni tí ó bá fi í duni láìtọ́ lè san ìtanràn 500,000 náírà. Òfin náà mú ilé iṣẹ́ aládàáni tí ń ná owó ìlú pẹ̀lú.

Ọdún púpọ̀ ni àwọn kan fi ń jiyàn pé òfin yìí kò de ìpínlẹ̀. Àwọn ará Ẹdó kan béèrè ìwé ìnáwó lọ́wọ́ àjọ tí ń gbógun ti àrùn éèdì ní ìpínlẹ̀ wọn, ọ̀ràn náà sì di ẹjọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ó de ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ bákan náà. Nítorí náà, ilé ìwòsàn kékeré tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín kò yọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe àṣìlò ẹ̀tọ́ yìí. Òfin kan náà, àti Òfin Ìlera ọdún 2014, dáàbò bo àṣírí aláìsàn. Ní abúlé tí obìnrin kan ṣoṣo ti kú lórí ìkúnlẹ̀ ní oṣù kan, iye náà ti di orúkọ. Ẹ béèrè ti odidi ọdún, tàbí ti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà pọ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà yín ní ṣókí: ilé ìwòsàn wo, ọdún wo, iye kí ni. Ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan. Bí ìdáhùn náà bá fi hàn pé àwọn ìyá ń kú, ìlú yóò ní ohun tí yóò gbé lọ bá ìjọba nígbà tí ó bá ń bẹ̀bẹ̀ fún agbẹ̀bí àti oògùn. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.