Àgbóyì, Ìletò Etídò ní Kòsọ́fẹ́

Odò Ògùn, tí ó ti apá Ṣakí ṣàn wá, ni ó gba ẹ̀bá Àgbóyì kọjá sínú ọ̀sà Èkó. Láti Kétu, ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ dé ìletò àwọn apẹja yìí. Odò yìí ni àwọn Ẹ̀gbá ń gbà kó epo àti òwú wá sí Èkó kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin ní ọdún 1896. Láti ọdún 1983 ni a ti sé odò Ọ̀yán lókè. Bí òjò bá pọ̀ lọ́hùn-ún, a óò tú omi sílẹ̀, Àgbóyì a sì kún, bí òjò kò tilẹ̀ rọ̀ níbẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2010. Kí oṣù náà tó dé, kí ará etídò gbé irúgbìn sí òkè àjà. Bí omi bá sì ti wọlé, kí wọn se omi mímu títí yóò fi hó, nítorí àrùn onígbáméjì.