BOOKKEEPER: Sílébù Mélòó Ni, Ibo La Sì Ti Ń Tẹnu Mọ́ Ọn?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí: bookkeeper, ìyẹn ẹni tó ń kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde sínú ìwé. Ẹ wo àárín rẹ̀ dáadáa: o méjì, k méjì, e méjì, wọ́n tò tẹ̀ léra. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀. K ló parí book, k náà ló bẹ̀rẹ̀ keeper. Torí náà, àárín k méjèèjì la ti máa gé e: book-keep-er. Sílébù mẹ́ta péré.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pè é: bú-kì-kí-pà! Ó ti di mẹ́rin. Èdè wa ló fà á. Kọ́ńsónáǹtì bíi k kì í parí sílébù Yorùbá, fáwẹ̀lì la máa ń fi tì í lẹ́yìn. Bí bread ṣe di búrẹ́dì nìyẹn. Ní ti bookkeeper, ẹ di k mú díẹ̀, kí ẹ wá tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìtẹnumọ́ ńkọ́? Nínú Yorùbá, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, sílébù kan ni ọ̀gá, àwọn yòókù á rẹlẹ̀ sí i. Book ni ọ̀gá níbí. Etí àwọn baba wa ti gbọ́ ọ tipẹ́: teacher di tíṣà, lawyer di lọ́yà, soldier di sọ́jà. Ibi tí òyìnbó ti tẹnu mọ́ ọn gan-an la gbé ohùn òkè sí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu dídùn lásán. BLACKboard ni pátákó tí tíṣà ń kọ̀wé sí, kódà bó jẹ́ aláwọ̀ ewé. Bí ẹ bá tẹnu mọ́ board, pákó dúdú kan ṣá lẹ ń sọ.

Nínú ìdánwò Oral English ti WAEC, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń kọ sílébù tí a tẹnu mọ́. Bí ẹ bá rí BOOKkeeper, bookKEEPer àti bookkeepER, èyí àkọ́kọ́ ni kí ẹ mú. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o: afterNOON kò tẹ̀ lé òfin yìí. Bó bá rú yín lójú, ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán níwájú sílébù ni yóò fi ọ̀gá hàn yín.