Bí Òwò Bá Dẹnu Kọlẹ̀

Bí òwò ẹnì kan bá ṣubú láàárín wa, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé a kò rí i ní ìlà iwájú mọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ pé mọ́sáláṣí àdúgbò mìíràn ni ó ń lọ, nítorí pé olówó rẹ̀ ń kírun ní tiwa. Gbèsè a máa lé ènìyàn kúrò lọ́jà, a sì máa lé e kúrò nínú ìjọ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ayé Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ọkùnrin kan ra èso igi. Àdánù bá èso náà, gbèsè sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìtàn náà wà nínú àkójọ hadíìsì ti Muslim. Ànábì kò bú ọkùnrin náà. Ó sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ṣe sàráà fún un. Wọ́n dá owó, ṣùgbọ́n owó náà kò ká gbèsè. Nígbà náà ni Ànábì kọjú sí àwọn olówó, ó ní kí wọ́n gba ìwọ̀nba tí wọ́n bá rí, pé kò sí ohun mìíràn tí wọn yóò rí gbà ju ìyẹn lọ. Ẹ wò ó bí ẹrù náà ti pín: onígbèsè fi ohun tí ó ní sílẹ̀, ìjọ dá sí i, olówó náà sì fara mọ́ àdánù díẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni àwọn baba wa mọ̀. Láyé àtijọ́, olówó a máa rán ológò lọ sí ilé onígbèsè. Ológò yóò jókòó ti ẹnu ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò máa pa adìẹ ilé jẹ, títí ara yóò fi ni gbogbo agbo ilé. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ ní àwìn káàkiri sì gba orúkọ Òṣómàáló, nítorí pé wọn a lóṣòó ti oníbàárà wọn títí owó yóò fi pé. N kò bú wọn o. Ipasẹ̀ wọn ni àwa tí a ń ta aṣọ lónìí ń tọ̀. Ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ tí ó ń fi gbèsè falẹ̀, Ànábì wa pàápàá pe ìwà náà ní àbòsí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Súrà Bákárà, aaya 280, pàṣẹ pé kí a dá ìgbà fún un títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó sì ní bí a bá fi jì í, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tí mo ń wí. Aṣọ ni mo ń tà ní Ìbàdàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó tuntun wọ́n bí ojú, tí ènìyàn ní owó ní báńkì tí kò rí i gbà, ọjà kú pátápátá, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ. A kò tíì mí kanlẹ̀ tí dọ́là fi gbéra ní oṣù kẹfà. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí ₦470 ní báńkì ti kọjá ₦700 kí oṣù náà tó parí. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Èmi ti gba ìdì aṣọ ní àwìn, iye dọ́là ni a sì kọ sínú ìwé wa.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pa fóònù, kí n lọ farapamọ́ sí Ìlọrin. N kò lọ. Ànábì máa ń tọrọ ìṣọ́ra lọ́dọ̀ Ọlọ́run kúrò lọ́wọ́ gbèsè, nígbà tí wọ́n sì bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní onígbèsè a máa purọ́ bí ó bá sọ̀rọ̀, a sì máa yẹ àdéhùn. Ẹni tí ó bá sá lọ ti bẹ̀rẹ̀ irọ́ náà nìyẹn. Mo kó ìwé ìṣirò mi, mo tọ àwọn olówó mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi iye ọjà tí ó kù hàn wọ́n. Ọ̀kan sọ ohun tí n kò lè kọ sínú ìwé ìròyìn. Àwọn méjì yòókù ní kí n máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ẹni tí ó bú mi ni mo kọ́kọ́ san tirẹ̀ tán, kí etí mi lè sinmi! Mo dá ṣọ́ọ̀bù ńlá padà fún onílé, mo gba àtẹ kékeré kan, mo sì ń ta fìlà àti aṣọ ọmọdé. Owó ẹnì kan ṣì kù tí n kò tíì san tán.

Àwọn ènìyàn a máa tijú àtẹ kékeré. Abdur-Rahman ọmọ Awf kò tijú rẹ̀. Nígbà tí ó ṣí láti Mẹ́kà wá sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622, ó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Sa'd ọmọ Rabi' fẹ́ pín ohun ìní tirẹ̀ sí méjì kí ó fún un ní ìdajì. Abdur-Rahman ṣàdúrà fún un, ó ní kí wọ́n ṣáà fi ọ̀nà ọjà hàn òun. Ọjà Qaynuqa ni ó lọ. Wàrà gbígbẹ àti ọ̀rá wàrà ni èrè tí ó kọ́kọ́ mú bọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi rí wúrà fi fẹ́ ìyàwó, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́rọ̀ Mẹ̀dínà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin Lèmọ́mù àti ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí. Nínú àwọn mẹ́jọ tí Súrà Tawba, aaya 60, kà pé wọ́n ní ìpín nínú sàká, onígbèsè ni ẹnì kẹfà. A ń rántí tálákà, a ń rántí arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti rí i kí a fi sàká gba oníṣòwò sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó? Ní mọ́sáláṣí tiwa, akápò ti kéde pé kí ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn mú ìwé rẹ̀ wá ní ìkọ̀kọ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni méjì ni ó ti mú tirẹ̀ wá: aránṣọ kan tí iná jó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, àti ìyá kan tí ń ta ata, tí ọkọ̀ tòmátò rẹ̀ bàjẹ́ sójú ọ̀nà ní ọjọ́ mẹ́ta.